Báwo la ṣe ń mọ̀ pé àjọṣe àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú ń so èso?

Ohun tí wọ́n jọ béèrè ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe iye ìpàdé. Ẹ wo Not Too Young To Run, ìpolongo láti dín ọjọ́ orí tí èèyàn fi lè díje dupò òṣèlú kù, tí ẹgbẹ́ ará ìlú YIAGA Africa ṣagbátẹrù ní Nàìjíríà. Láti ṣàtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè, wọ́n nílò kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fara mọ́ ọn, nítorí náà èèyàn lè máa ka ibi tí iṣẹ́ dé. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe náà ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018: ọjọ́ orí olùdíje ààrẹ kúrò ní 40, ó di 35. Ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀ kò yí padà. Ẹ ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Ẹ tún wo ta ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá ń kọ lẹ́tà, tó ń náwó, tó tún ń sọ̀rọ̀, lójú tèmi, kò tíì sí àjọṣe níbẹ̀.