Ẹ Bi Wá: Ásímà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún

Ìbéèrè (láti Pàkátà, Ìlọrin): Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa pé ọdún 69. Wọn ò mu sìgá rí, wọn ò sì ní ásímà ní kékeré. Láti bí oṣù mẹ́rin, tó bá ti di ìdájí, àyà wọn á máa dún fíì-fíì, wọn á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn á máa wá èémí. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni, àwọn kan ní ọyẹ́ ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tí wọ́n ń kán sójú nítorí glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́) nìkan ni wọ́n ń lò. Ṣé ikọ́ sémìísémìí lè ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àgbàlagbà?

Ìdáhùn: Ó lè mú wọn dáadáa. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọjọ́ ogbó ni. Èémí tó ń dí ní ìdájí, tó tún ń là nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ní ohun tó ń fà á. Eruku ọyẹ́ lè bá wọn dá a sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oògùn ojú yẹn ló kọ́kọ́ kọ wá lóminú nínú lẹ́tà yín.

Timolol wà lára oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún oní-glaucoma. Ẹ̀kán kan kéré lójú, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú. Ihò tí omijé ń gbà ló ń gbà dé imú, ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, láìkọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá bíi oògùn tí a gbé mì. Tó bá dé àyà ẹni tó ní ásímà, ó lè fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa, torí timolol máa ń wà nínú oògùn ojú tí wọ́n po méjì pọ̀ náà. Ẹ ka ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú: èyí tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí “olol”, bíi propranolol àti atenolol, ìdílé kan náà ni òun àti timolol. Èyí tó parí sí “pril”, bíi lisinopril, ikọ́ gbígbẹ ló máa ń fà, kì í sábà mú àyà dún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Glaucoma tí a pa tì ń fọ́ ojú, èyí tó bá sì ti fọ́ kì í là mọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn Bàbá sínú báàgì kan, títí kan àgbo, kí ẹ kó o lọ bá dókítà ojú lónìí tàbí lọ́la. Oògùn mìíràn wà, bíi latanoprost, tí kì í sábà yọ èémí lẹ́nu. Kó tó dìgbà náà, tí wọ́n bá ti kán an, kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú tó kángun sí imú fún ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ á dín kù.

Tí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú, tàbí tí wọn ò lè sùn láìsí ìrọ̀rí méjì mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn wò. Tí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Àyẹ̀wò ásímà gan-an ni spirometry, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹ̀dọ̀fóró, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Bàbá á fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n á fa salbutamol, oògùn tó ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún fẹ́ ẹ. Bí atẹ́gùn tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kìn-ín-ní bá fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àti 200 ml ju ti àkọ́kọ́ lọ, ásímà ló jọ jù.

Ìbéèrè (láti Òmù-Àrán): Ìyá mi, ẹni ọdún 73, ń lo ínhélà aláwọ̀ búlúù. Ọ̀kan kì í ju oṣù kan lọ mọ́, kò sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Làkúrègbé ti mú ìka wọn.

Ìdáhùn: Ìtẹ̀ 200 ló wà nínú agolo kan. Tó bá ń tán lóṣù kan, ìtẹ̀ mẹ́fà sí méje nìyẹn lójúmọ́. Agolo mẹ́ta lọ́dún ti tó láti bẹ̀rù, méjìlá sì ni Màmá ń bá lọ. Salbutamol inú rẹ̀ ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kò wo inú rẹ̀ tó wú. Láti ọdún 2019 ni ìlànà àgbáyé ti ní kí a má fi òun nìkan tọ́jú ásímà àgbà mọ́. Wọ́n nílò ínhélà tó ní steroid, oògùn tó ń mú wíwú náà rọlẹ̀, bíi beclometasone tàbí budesonide, lójoojúmọ́, kódà lọ́jọ́ tí ara dá. Kí orúkọ yẹn má dẹ́rù bà yín: díẹ̀ ni, inú àyà ló sì ń lọ. Steroid tí à ń gbé mì, bíi dexamethasone tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìbi dókítà ló ń sọ egungun di ẹlẹ́gẹ́, tó ń gbé ṣúgà sókè. Tí wọ́n bá ti fà á, kí wọ́n yọ eyín àtọwọ́dá, kí wọ́n fi omi yọ ẹnu, kí wọ́n tu omi náà dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sórí ahọ́n.

Ní ti ìka tó ń ro wọ́n, ike tó ń gba oògùn dúró, spacer, ni ẹ máa rà. Bí kò bá sí, ike omi 500 ml ṣeé lò. Àwọn dókítà ní South Africa dán an wò lára àwọn ọmọdé alásímà, wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ ní 1999: kò kẹ́yìn sí èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ fi wáyà gbígbóná lu ìdí ike náà, kí ihò náà kéré díẹ̀ sí ẹnu ínhélà, kí ẹ ti ínhélà bọ̀ ọ́ nígbà tí ike ṣì rọ̀, kí atẹ́gùn má rí àyè jò. Ẹ yọ ínhélà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ike náà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi omi ṣan. Ẹ má fi aṣọ nù ún, torí ike tí a nù máa ń fa oògùn mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ mi ínhélà. Kí Màmá mí síta, kí wọ́n fi ètè bo ẹnu ike, kí ẹ̀yin bá wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n rọra mí sínú, mí síta, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ tún mì ín kí ẹ tó tẹ ìkejì. Tí ẹ bá tẹ méjì pọ̀, ara ike ni èyí tó pọ̀ jù máa lẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọn ò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí, tàbí tí ètè wọn ṣú, tàbí tí wọ́n ń tòògbé, ilé ìwòsàn ni. Ẹ gbé wọn jókòó, ẹ má dá wọn dùbúlẹ̀. Ìtẹ̀ kan kan láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, títí dé mẹ́wàá, bí ẹ ṣe ń wá mọ́tò. Àyà tó ń dún tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, tí ara ò sì tù wọ́n, atẹ́gùn ò wọlé mọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè (láti Òkèlele, Ìlọrin): Alhájà wa ń lo ínhélà steroid láàárọ̀ àti lálẹ́. Báwo ni wọ́n á ṣe gbààwẹ̀ Ramadan?

Ìdáhùn: Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ò fẹnu kò lórí bóyá ínhélà ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹ bi aáfà yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ bá sààrì àti ìṣínu mu. Ínhélà búlúù, èyí tó ń tú èémí sílẹ̀, kò ní àkókò: tí èémí bá dí lọ́sàn-án, kí wọ́n fà á lójú ẹsẹ̀. Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ọjọ́ rẹ̀ padà (Súrà Baqarah, 184 sí 185). Bí wọ́n bá tún ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì ásímà bíi theophylline tàbí aminophylline, kí wọ́n má kó ti ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti ìṣínu, kí wọ́n sì sọ fún oníkẹ́míìsì kó tó ta ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, fún wọn, torí ó ń jẹ́ kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọkàn á fi máa sáré.