Òjò, ooru àti ọ̀rinrin lórí ṣáàtì Excel: bí mo ṣe ń ṣe é

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó iye òjò, ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn, láti oṣù dé oṣù, sínú ṣáàtì kan ṣoṣo, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹ̀kẹta tì nínú Excel. Kò sí níbẹ̀. Òpó ìwọ̀n méjì péré ni Excel ń fúnni lóòró: ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbẹ̀ ya irú ṣáàtì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà ti kọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ mú òjò àti ooru nìkan. Ẹ fi máòsì kó àwọn oṣù àti kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì, ẹ lọ sí Insert, ẹ mú Combo. Kí òjò jẹ́ ọ̀pá, kí ooru jẹ́ ìlà, kí ẹ sì fi àmì sínú àpótí Secondary Axis (òpó kejì, ti apá ọ̀tún) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru. Ẹ má fi méjèèjì ṣe ọ̀pá o: ti apá ọ̀tún á gun orí ti apá òsì, á sì bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ya ṣáàtì náà tẹ́lẹ̀, tí ìlà ooru wá lẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí máòsì ò fi rí i mú, ẹ tẹ ara ṣáàtì, ẹ lọ sí Format. Àpótí kékeré kan wà ní ìgun òsì lókè tó to orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ṣáàtì náà. Ẹ mú ooru níbẹ̀, ẹ tẹ Format Selection, Secondary Axis á jáde.

Òǹkà ara òpó méjèèjì ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá. Ooru Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ọdún. Tí ẹ bá fi òǹkà sílẹ̀ fún Excel, ó lè má bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ìyàtọ̀ dígírì mẹ́ta péré á wá ga bí Òkè Olúmọ. Ẹ tẹ òpó náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ Minimum (ibi tí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀), Maximum (ibi tó parí sí) àti Major (àlàfo láàárín òǹkà kan sí èkejì). Èmi máa ń fi òjò sí 0 dé 250 mìlímítà, ní àádọ́ta-àádọ́ta, ooru sí 0 dé 50 dígírì, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọ̀nà márùn-ún ni apá méjèèjì pín sí, àwọn ìlà ẹ̀yìn ṣáàtì á sì bá òǹkà òsì àti ọ̀tún mu. Bí òjò oṣù kan bá ju 250 lọ, ẹ sọ Maximum òjò di 300, kí Major rẹ̀ di 60.

Ibi tí ìlà ooru bá ti kan orí ọ̀pá òjò kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ yí òǹkà padà báyìí, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ á ṣí kúrò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ odindi ojú ewé lórí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àfi kí ìdí wà fún ìwọ̀n tí ẹ yàn. Nínú àtẹ ojú ọjọ́ tí Heinrich Walter àti Helmut Lieth gbé kalẹ̀, dígírì 10 ló bá mìlímítà òjò 20 dọ́gba, oṣù tí òjò bá sì wà nísàlẹ̀ ooru ni wọ́n kà sí oṣù ọ̀gbẹlẹ̀. Òǹkà òjò tó bá kọjá mìlímítà 100 ni wọ́n ń fún pọ̀, èyí tí Excel kò ní ṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀rinrin wá ńkọ́? Ọgbọ́n kan wà: kí ẹ fi méjì pín iye rẹ̀ kí 100 lè bọ́ sórí 50, kí ẹ wá fi àwọn àmì tí ojú ò rí gbé òpó àtọwọ́dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Mo ti ṣe é dáadáa rí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yí òǹkà ọ̀tún padà, irọ́ ni òpó yẹn á máa pa, Excel ò sì ní kìlọ̀ fún yín. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ mọ́.

Ṣáàtì kejì ni kí ẹ yà fún ọ̀rinrin, kí ẹ gbé e sábẹ́ èkíní, oṣù lábẹ́ oṣù. Ẹ di Alt mú bí ẹ ṣe ń fà á, etí rẹ̀ á bá ìlà àwọn sẹ́ẹ̀lì mu. Kí ẹ tún fa àyè inú rẹ̀ (Plot Area) náà kí àwọn oṣù lè bára mu, torí òǹkà wà lápá ọ̀tún ṣáàtì òkè, kò sí ní ti ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo Oṣù Kẹjọ: òjò tó pọ̀ ní Oṣù Kẹfà, tó tún máa pọ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, á dáwọ́ dúró díẹ̀, ooru á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ò ní bá òjò wálẹ̀. Tí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ta ló máa rí ìyẹn?

Tó bá jẹ́ Google Sheets lẹ ń lò, Customize, Series, kí ẹ mú Right axis. Ní LibreOffice, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ìlà náà, ẹ lọ sí Format Data Series, ẹ ó rí Secondary Y axis.

Ẹ kọ mm àti °C sára òpó kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ dúdú àti funfun lẹ máa tẹ ìwé yín, ẹ má gbára lé àwọ̀: ẹ sọ ìlà ooru di èyí tó ń já, kí ọ̀pá òjò jẹ́ àwọ̀ eérú.