Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìpẹtà kì í pa àdó olóró

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ní Aachen fẹ́ fẹsẹ̀ rin inú igbó Hürtgen lópin ọ̀sẹ̀ kan, ká lọ wo àwọn bọ́ńkà, ìyẹn ilé kọ́ńkéré tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A fẹ́ wọ inú wọn, ká ya fọ́tò, ká sì yan súyà díẹ̀ níbẹ̀. Irú bàtà wo ló yẹ ká wọ̀, tọ́ọ̀ṣì mélòó la máa nílò? Àwọn kan ń fi bọ́ǹbù dẹ́rù bà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Jámánì ní kò sí ewu kankan mọ́, pé ìpẹtà ti pa gbogbo rẹ̀ láti ìgbà yẹn, ó ti lé ní ọdún 80.

Ìdáhùn: Àbúrò, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí olúkúlùkù sì mú tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ó tán nìyẹn. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ló kó mi láyà sókè. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Jámánì níbí ni wíwá àdó olóró àtijọ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé tàbí kí wọ́n la ọ̀nà lé e lórí, kò sì sí ohun tó sú mi gbọ́ tó “ó ti pẹ́, ó ti kú.”

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá, ó kéré tán lọ́dọ̀ àwa. Ẹ̀tù ọdẹ ló tàn wá jẹ. Ẹni tó bá dàgbà nílé ọdẹ mọ̀ pé tí òjò bá lè pa ẹ̀tù, o lè fa ìbọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dún. Òótọ́ sì ni. Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀tù dúdú tó ń yọ́ sínú omi. Tó bá ti yọ́ lọ, èédú àti imí ọjọ́ nìkan ló kù, àwọn méjèèjì ò sì lè dá nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kún inú ọta àgbá ní 1944 kì í ṣe ẹ̀tù ọdẹ. TNT, ìyẹn ohun abúgbàù kan, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ń yọ́ TNT bí ẹni yọ́ òrí, wọ́n á dà á sínú ikarahun irin, á dì síbẹ̀. Omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ ọ rárá. Ọmọ-ọmọ ẹni tó dà á síbẹ̀ lè ti darúgbó, kí TNT náà ṣì lágbára bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Irin ni ìpẹtà ń jẹ. Ẹ wá jẹ́ ká wo irin tó máa kọ́kọ́ jẹ. Fíúùsì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí ọta, òun ló ń ta iná ran ìyókù. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn irin tín-ín-rín kan ló sì ń dí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ kó má baà ta. Irin tín-ín-rín yẹn ni ìdènà. Nígbà tí ara ọta ṣì nípọn bí ògiri, ìdènà yẹn lè ti jẹrà tán. Ohun tí ìpẹtà ń ṣe fún yín nìyẹn, ó ń bá yín tú okùn ọrùn ajá.

Èyí tí wọ́n ti yìn tí kò bú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń fò, tó ń pòyì lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdènà inú rẹ̀ ń ṣí. Ó balẹ̀, ohun kékeré kan há, kò bú. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó há, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tó máa já. Àwọn ọta kan tún wà tí wọn ò fi TNT ṣe, picric acid, ohun abúgbàù mìíràn, ló wà nínú wọn. Èyí máa ń bá òjé àti bàbà dàpọ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, á wá di iyọ̀ kan tí ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ tàbí kí nǹkan fara nù ún lè mú kó bú. Irú èyí, bó ṣe ń dàgbà ló ń ya wèrè.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ torí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ní Göttingen, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2010, bọ́ǹbù kan tí ọkọ̀ òfuurufú jù sílẹ̀ nígbà ogun bú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó pa ènìyàn mẹ́ta, àwọn tó sì kú kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Iṣẹ́ wọn ni. Irú bọ́ǹbù yẹn ní ìgò acetone kékeré kan (omi tó ń yọ́ ike) nínú fíúùsì rẹ̀, tó yẹ kó fọ́, kí omi inú rẹ̀ máa jẹ ike tó di abẹ́rẹ́ mú. Ike náà ń gbó fúnra rẹ̀, omi yẹn jẹ ẹ́ o, kò jẹ ẹ́ o. Ní Euskirchen, tí kò jìnnà sí igbó tí ẹ ń lọ, awakọ̀ katapílà kan kú ní oṣù kìíní ọdún 2014 nígbà tí bọ́ǹbù bú níbi tó ti ń da àwókù ilé. Nǹkan bí ọdún 69 ti kọjá lórí bọ́ǹbù yẹn.

Ó ku ti súyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, igbó jóná ní Treuenbrietzen, ní gúúsù Berlin. Àwọn panápaná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè wọ àwọn apá ibì kan, torí àwọn ohun ìjà tó wà nínú ilẹ̀ ń bú bí iná ṣe ń kàn wọ́n. Ṣé òkú ló ń pariwo yẹn? Ẹni tó bá wà ní Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí iná dé ibi tí wọ́n kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ikẹjà, kò nílò àlàyé mi lórí iná àti ohun ìjà àtijọ́. Ẹ̀yin wá fẹ́ kó èédú lé ilẹ̀ Hürtgen, láì mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé. Yàtọ̀ sí ewu, òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà kò gbà kí èèyàn dáná nínú igbó tàbí ní 100 mítà sí i láìgba àṣẹ.

Ilẹ̀ Hürtgen náà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 wọ oṣù kejì ọdún 1945 ni wọ́n fi jà níbẹ̀. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú, tó ṣèṣe tàbí tí òtútù àti àìsàn gbé dè tó 33,000. Wọ́n ń yin àgbá sórí igi kí ẹfọ́ irin lè rọ̀ lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí, débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun ni ayùn àwọn alágẹdú ń bá irin pàdé nínú pákó.

Ti máìnì, ìyẹn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ de ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ yín rí nǹkan díẹ̀ sọ. Wọ́n ti hú èyí tó pọ̀ jù kúrò, àwọn tó kù tí wọ́n fi pákó ṣe, pákó wọn ti ń jẹrà. Ṣùgbọ́n 200 gíráàmù TNT ló wà nínú àpótí pákó kékeré yẹn, mo sì ti sọ ohun tí ọdún ń ṣe fún TNT. Wọ́n tún ṣe irú kan tó jẹ́ dígí. Ìpẹtà wo ló ń jẹ dígí? Ẹ̀rọ tó ń wá irin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1944, ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì kan, Friedrich Lengfeld, gbọ́ igbe ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tó fara gbọgbẹ́ sínú pápá máìnì tí wọ́n ń pè ní Wilde Sau. Ó ní òun á lọ gbé e. Àwọn tirẹ̀ ló ri máìnì yẹn, ó mọ ibi tí àwọn ńlá tí wọ́n ri de ọkọ̀ ogun wà lójú ọ̀nà, ó sì ń yà fún wọn. Ibi tó ti fẹ́ sọdá sọ́dọ̀ ọkùnrin náà létí ọ̀nà ni máìnì kékeré ti bú mọ́ ọn. Ó kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó bá a jà ló gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní itẹ́ òkú Hürtgen ní 1994. Ẹ lọ wo òkúta yẹn, kí ẹ tó pinnu pé ẹ fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà lọ ya fọ́tò.

Bọ́ńkà fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fi àdó fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn ogun. Kọ́ńkéré tó tóbi bí yàrá ń rọ̀ lórí irin tó ti jẹ, ihò tó lómi wà nínú ilẹ̀, ewé sì ti bò ó. Ilẹ̀kùn tó bá tì, ẹ má já a. Nígbà òtútù, àdán ń sùn nínú wọn, òfin sì dáàbò bò wọ́n. Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti wọ bọ́ńkà kankan, ẹ má lọ sọ fún onílẹ̀ tàbí ọlọ́pàá pé ẹ̀gbọ́n kan ló ní kí ẹ wọlé.

Tí ẹ bá fẹ́ rìn, ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí wà ní àfonífojì odò Kall láàrin Vossenack àti Schmidt, ọ̀nà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà gbà gan-an. Ilé àkójọ ohun ìrántí ogun náà wà ní Vossenack. Bọ́ńkà àwọn oníṣègùn ológun kan wà ní Simonskall, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó o léèrè ìgbà tí wọ́n ń mú èèyàn wọ ibẹ̀.

Ẹ má ṣa nǹkan kan wálé, ìbáà jẹ́ ọta ìbọn kan ṣoṣo. Tí ẹ bá rí irin tó ṣe yín ní kàyéfì, ẹ má tapá sí i, ẹ má yí i padà láti wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ibi tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà, kí ẹ fi fóònù sàmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ sì pe 110, nọ́ńbà ọlọ́pàá. Owó kankan ò sí níbẹ̀, wọn ò sì ní bínú tó bá jẹ́ páìpù lásán ni. Ẹ má sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá yín wò ó bóyá ó ti kú. N kò lè mọ̀ ọ́n láti inú fọ́tò, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n ń purọ́.