Ìdáhùn sí olùkọ́ tí àyà rẹ̀ ń já nítorí kíláàsì àkọ́kọ́

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà yín ní àkàtúnkà. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ẹ fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Mopa, yunifásítì kan ní Kabba ti gbà yín síṣẹ́ láti máa kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ ọ̀gbìn, pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti pé oorun ti dá lójú yín. Ẹ ń bẹ̀rù ìbéèrè tí ẹ kò ní mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ tún ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ ilé tí wọ́n mọ̀ yín láti kékeré ní Ìjùmú yóò wà nínú kíláàsì náà, wọn kò sì ní kà yín kún.

Ara a máa múra sílẹ̀ fún ohun tí ọkàn bá kà sí pàtàkì, ìdí nìyẹn tí àyà yín fi ń lù kìkì. Ẹ gbé omi dání nítorí ẹnu gbígbẹ, kí ẹ sì rọra mí síta pẹ́ ju bí ẹ ti mí sínú lọ kí ẹ tó wọlé. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, ẹ mú ẹnìkan lọ sí gbọ̀ngàn náà, kí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ó sọ bóyá òun ń gbọ́ ohùn yín, nítorí iná lè lọ, kí gbohùngbohùn sì dákẹ́.

Ní ti ìbéèrè, ẹ má ṣe fi ọjọ́ àkọ́kọ́ da gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ orúkọ yín, ohun tí kọ́ọ̀sì náà dá lé àti bí ẹ óò ṣe pín máàkì, ẹ bi wọ́n bí ilẹ̀ oko ilé wọn ti rí. Láti 1991 tí wọ́n ti yọ ìpínlẹ̀ Kogi lára Kwara àti Benue ni àwa Okun, ìyẹn Yorùbá ìpínlẹ̀ náà, Ẹ̀bìrà àti Ígálà ti jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan, nítorí náà onírúurú ilẹ̀ ni ẹ óò gbọ́ nípa rẹ̀. Ọmọ Ibaji, létí odò Ọya, yóò sọ nípa ilẹ̀ tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀. Ọmọ Yàgbà yóò sọ nípa oko ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ẹlòmíràn yóò mẹ́nu ba kọfí tàbí kajú bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ fi ṣàlàyé ìdí tí iyanrìn fi ń tètè jo omi, tí amọ̀ sì ń gbà á dúró. Bí ìbéèrè kan bá ju ìmọ̀ yín lọ, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, ẹ ní ẹ óò mú ìdáhùn rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú un wá ní tòótọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe purọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa dárí ji olùkọ́ tí kò mọ ìdáhùn kan, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé èyí tó tàn wọ́n jẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ni mo rò pé ó wúwo jù lọ́kàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí lẹ́tà ni ẹ fi sí. Bí wọ́n bá kí yín ní “Okun o” níta, ẹ dáhùn tayọ̀tayọ̀, kí ẹ sì bèèrè àlàáfíà ilé. Nínú kíláàsì, ẹ sọ èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí ọmọ Ẹ̀bìrà láti Okene tàbí ọmọ Ígálà láti Ida má baà dà bí àlejò níbẹ̀. Ẹni tó bá pè yín ní Àǹtí lójú gbogbo ènìyàn, ẹ pè é sẹ́yìn lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ bí ẹ ti fẹ́ kí ó máa pè yín níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà ìdánwò ni ó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra fún báyìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá yín ni wọn yóò gbà wá. Ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pé kí wọ́n má ṣe gba nọ́ńbà ìdánwò ọmọ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn lọ́jà, ì báà jẹ́ ìbátan.