Másításì ò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo gba B.Sc. nínú Zoology, mo sì ti sin ìlú tán. Ẹnì kan ní kí n lọ ka másításì Human Biology, pé tí mo bá ṣe é tán, wọn á mú mi sí 400 level ní Medicine, tàbí kí n kúkú ṣí ilé ìwòsàn kékeré ládùúgbò wa. Ṣé òótọ́ ni? Ilé ẹ̀kọ́ wo ló dáa?

Ìdáhùn: Irọ́ ni, àbúrò mi. Ẹni kẹrin tó máa bi mí ní irú èyí lóṣù yìí rèé. Ó wù mí kí n mọ ẹni tó ń pín ìmọ̀ràn náà kiri.

Ní Nàìjíríà, o ò ní tètè rí orúkọ Human Biology nínú fọ́ọ̀mù másításì. Anatomy lo máa rí, ìyẹn bí ẹ̀yà ara ṣe tò, Physiology, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, àti Biochemistry, ìyẹn kẹ́míkà inú ara. Ní Jámánì, wọ́n ń pè é ní Human Biology ní Marburg àti Munich. Ibẹ̀ náà, Staatsexamen, ìdánwò ìjọba, lẹni tó fẹ́ di dókítà ń ṣe.

Ohun tó ń ṣì yín lọ́nà ni pé abẹ́ òrùlé kan náà la ti ń kọ́ ẹ̀yin àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Òkú kan náà lẹ jọ ń dúró tì, fọ́málìn kan náà, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, ló ń ta yín lójú. Ṣùgbọ́n tí ọmọ MBBS, ìyẹn oyè dókítà, bá kúrò nídìí òkú, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ló ń lọ. Á lo bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀, á tún ṣe houseman, iṣẹ́ dókítà lábẹ́ àwọn ọ̀gá, fún ọdún kan kí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, tó fún un níwèé àṣẹ pípé. Ìwọ, ọ̀dọ̀ eku lò ń lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀, o ti wà nílé eku, ò ń di ìrù wọn mú kí o lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n á gé ọ jẹ. Fíríìsà lo máa kó ẹ̀jẹ̀ tí o bá gbà lára wọn sí. Tí iná bá lọ mọ́jú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti bàjẹ́. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó sùn ti kúlà yìnyín rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tì. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ eku ò ní sọ fún ọ pé inú ń run òun.

Ti ilé ìwòsàn yẹn, má dán an wò. Ẹnì kan tí mo kọ́ fi férémù M.Sc. rẹ̀ kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń fa omi sí àwọn aládùúgbò lára. Lọ́jọ́ kan, ó fa omi oníṣúgà sí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ lára. Ọmọkùnrin yìí lè ya iṣẹ́ insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, fún ọ lórí pátákó láìwo ìwé o! Kò kàn bi ìyá náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lo rò pé wàá máa ṣe níbẹ̀, ìyẹn pàápàá ní àwọn onímọ̀ tiwọn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tiwọn.

Bó bá jẹ́ Medicine lọkàn rẹ wà, B.Sc. tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi wá direct entry, ìyẹn wíwọlé láìbẹ̀rẹ̀ láti 100 level. 200 level ló sábà máa ń gbé èèyàn sí. Másításì ò lè fò ọ́ kọjá kíláàsì kankan. Ìlànà máa ń yí o, bi JAMB àti ilé ẹ̀kọ́ náà, má fi ọ̀rọ̀ mi jẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni.

Bó bá sì jẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́, máa bọ̀. M.Sc. lè sọ ọ́ di assistant lecturer, Ph.D. ló ń gbéni kọjá ibẹ̀. Kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ̀ka tí o fẹ́ ń gba ẹni tó ka Zoology, torí àwọn kan ò gbà á. Má wulẹ̀ bi mí léèrè ilé ẹ̀kọ́ tó dáa; wá ọ̀gá tó máa bójú tó iṣẹ́ rẹ, kí o sì bi àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé ọdún mélòó ni wọ́n ti lò. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn, wá ẹlòmíì.

Lọ béèrè fún transcript rẹ, ìwé tí gbogbo máàkì rẹ wà nínú rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí. Òun ló ń pẹ́ jù.