Kí ni "garnish" túmọ̀ sí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́?

Òǹkàwé kan bá ọ̀rọ̀ náà "garnish" pàdé nínú ìtàn ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ó béèrè ohun tí ó jẹ́, àti bóyá owó iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe ni wọ́n fi ń san án.

Owó ìwọlé ni. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọtí ni wọ́n sì sábà máa ń fi í rà. Ẹni tí kò bá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yóò gbọ́ gbólóhùn tí John Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jà fún àtúnṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1777: "Sanwó, tàbí kí o bọ́ṣọ." Aṣọ tí kò tó nǹkan náà ni yóò bọ́ fún wọn, bí kò bá sì rí koríko gbígbẹ tẹ́ sùn, àìsàn ni yóò fi gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di ẹ̀bi náà ru àwọn ẹlẹ́wọ̀n nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ìgbà náà kì í gba owó oṣù. Lára ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ń jẹ. Wọ́n ń gba owó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gba owó ìjáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ta ọtí, tí ó fi jẹ́ pé àpò wọn ni owó "garnish" ń já sí níkẹyìn. Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti irin ẹsẹ̀. Àwa Yorùbá mọ̀ pé irin tí a fi ń de ènìyàn ni ẹ̀wọ̀n kí ó tó di orúkọ ilé. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, irin náà gan-an di ọjà, nítorí ẹni tí ó bá sanwó ni wọ́n ń bá dín in kù. Ipò ọ̀gá pàápàá ń bẹ lórí àtẹ: ní 1728, Thomas Bambridge àti ẹnì kejì rẹ̀ ra ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Fleet, níbi tí wọ́n ń kó àwọn onígbèsè sí, lọ́wọ́ John Huggins ní £5,000. Ẹni tí ó ra ipò ní irú iye bẹ́ẹ̀, lára ta ni yóò ti gbà á padà bí kò ṣe lára onígbèsè?

Nígbà tí Howard di ṣẹ́ríìfù ẹkùn Bedfordshire ní 1773, ìyẹn ìjòyè tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ẹkùn náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá láre, tí wọ́n tún wọ́ padà sí àtìmọ́lé nítorí pé wọn kò rí owó ọ̀gá ọgbà san. Ó ní kí àwọn adájọ́ máa san owó oṣù fún ọ̀gá náà. Wọ́n ní kí ó mú àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ wá. Ó gun ẹṣin káàkiri àwọn ẹkùn tí ó múlé tì wọ́n, ìwà kan náà ni ó sì bá níbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, rárá ni ìdáhùn mi. Bridewell ni orúkọ ilé ìfìyàjẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekára, a sì sọ ọ́ lórúkọ ààfin tí ọba Edward Kẹfà fi ta ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ ní 1553. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni lílu hẹ́ǹpù: ẹlẹ́wọ̀n yóò dúró ti ìtì igi, yóò máa fi òòlù onígi lu igi ewéko náà títí tí yóò fi di fọ́nrán tí a fi ń hun okùn. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn ilé wọ̀nyí, Howard kò bá irin iṣẹ́ kankan, kò sì bá ohun tí wọn ì bá fi ṣiṣẹ́. Ńṣe ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n jókòó lásán.

Òfin 1774 dá ẹni tí ó bá jàre nílé ẹjọ́ sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ owó ọ̀gá ọgbà. Ti àwọn yòókù kò tán nílẹ̀ títí di 1815, nígbà tí Howard ti kú fún ọdún 25.