Ṣé ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára, àbí ìrù ló wúwo?

Ìbéèrè

Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlọrin. Èmi àti àwọn ọmọ SS2 mélòó kan fi fóòmù bọ́ọ̀dù ṣe bàálù kékeré tó ń lo rìmóòtù. Apá rẹ̀ gùn ní mítà kan láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2212, 1400KV. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 3S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta) 2200mAh. Fáànù iwájú rẹ̀ jẹ́ 8x4. A lẹ servo méjèèjì (mọ́tò kékeré tó ń yí ìrù) mọ́ ìdí ìrù kí irin ìfà má bàa gùn, a sì fi gọ́ọ̀mù gbígbóná kún ibẹ̀ dáadáa, torí ìrù náà ti ṣẹ́ nígbà méjì. Gbogbo rẹ̀ wọn gíráàmù 780. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti jù ú. Imú rẹ̀ á gbé sókè, á dúró lófuurufú bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà á fi apá òsì já lulẹ̀. Kì í ṣe pé a ò wọ̀n ọ́n wò o: a gbé e lé orí ìka, ó dúró déédéé láàárín apá gan-an. Ẹnì kan tó ń ta irú nǹkan báyìí ní ká lọ ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ú lọ. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò. Ẹ́ńjìnnì tó lè fa imú bàálù sókè títí tó fi dúró lójú òfuurufú kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára. Bó bá jẹ́ agbára ni kò tó, ńṣe ni bàálù yín ìbá máa fi ikùn wọ́ lórí koríko, kò ní ráyè gbé imú.

Èmi náà ti ra ẹ́ńjìnnì nítorí ọ̀rọ̀ yìí rí. Bàálù kìíní tí mo ṣe, ohun tí tiyín ń ṣe yìí gẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Mo wá owó, mo ra ẹ́ńjìnnì ńlá. Kí ni owó náà ṣe fún mi? Tẹ́lẹ̀, ibi tó ga tó òrùlé ló ti ń já. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tuntun, ibi tó ga tó orí ọ̀pẹ ló ti wá ń já. Apá méjì ni mo tún gé kí n tó jókòó ronú.

Ọ̀rọ̀ yín kan ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì: "láàárín apá gan-an." Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojú máa ń tan ènìyàn pé ohun tó bá dúró déédéé láàárín ló wọ̀n déédéé. Lórí tábìlì, òótọ́ ni. Lófuurufú, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọfà ọdẹ. Iwájú ni irin wà, ìdí ni ìyẹ́ wà. Bí ẹ bá yọ irin yẹn, tí ẹ gbé e lọ sí ìdí níbi tí ìyẹ́ wà, ọfà náà kò ní lọ tààrà mọ́, á máa yí ara rẹ̀ po ni. Bàálù náà ọfà ni. Ìwúwo gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí ìrù tó fúyẹ́ máa tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin tíṣà físíìsì á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé apá sókè kì í ṣiṣẹ́ láàárín apá. Iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ fífẹ̀ rẹ̀. Apá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí etí iwájú rẹ̀ nìyẹn. Tiyín, sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìwúwo rẹ̀ dá sí. Ó túmọ̀ sí pé iwájú ni wọ́n ti ń gbé e, ẹ̀yìn ni ẹrù jókòó sí. Bí atẹ́gùn bá kàn fọwọ́ kan imú rẹ̀ díẹ̀, apá á gbé sí i. Bó ṣe ń gbé sí i ni imú tún ń ga sí i, tí ìrù kékeré yẹn kò sì lágbára tó láti dá a padà. Bí apá bá ti dagun kọjá bíi díg­írì 12 sí 15, afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ kọjá lórí rẹ̀ á já kúrò lára rẹ̀, kò ní gbé nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ni "ìrònú" tí ẹ rí lókè yẹn. Òsì tó sì ń já sí, fáànù ló fà á: ọwọ́ ọ̀tún ni fáànù ń yí sí bí ẹ bá dúró lẹ́yìn bàálù, ara bàálù á sì fẹ́ yí sí òsì láti dá a lóhùn. Nígbà tí bàálù bá ń sáré, ẹ kì í rí i. Nígbà tó bá dúró, ó di ọ̀gá.

Nípa bàálù alápá gbọọrọ bíi tiyín, ibi tó yẹ kó ti wọ̀n déédéé ni sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6.5 láti etí iwájú apá. Ẹ fojú sun 6. Bó bá jẹ́ ọmọ tí kò wa bàálù rí ló máa di rìmóòtù mú, mo fẹ́ràn 5 ju 6 lọ: ó máa ń wúwo lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣàdédé yíwà padà. Ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Alphonse Pénaud, ará Faransé, mú bàálù kékeré tó fi rọ́bà lílọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ sí ọgbà Tuileries ní Paris lọ́dún 1871. Ó fò fún ìṣẹ́jú àáyá 11, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Kò sí rìmóòtù láyé ìgbà náà. Ibi tí ó fi ìwúwo sí àti bí ó ṣe tẹ ìrù rẹ̀ ló ń darí rẹ̀.

Ó yá, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé ìwúwo yẹn kúrò ní 10 wá sí 6? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á lẹ òjé mọ́ imú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 780 ní ìlọ́po sẹ̀ǹtímítà 4 jẹ́ 3,120. Bí imú bá fi sẹ̀ǹtímítà 20 ṣíwájú ibi tí ẹ ń wá, ẹ pín 3,120 sí 20: òjé gíráàmù 156 lẹ máa nílò. Bàálù yín á wá wọn gíráàmù tó lé ní 930. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ti wúwo díẹ̀ fún akọ́ṣẹ́. Òjé kọ́ ni ìdáhùn.

Ìrù ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 50 ló fi jìnnà sí ibi tí ẹ ń wá, nítorí náà gíráàmù kan tí ẹ bá yọ níbẹ̀ tó gíráàmù méjì ààbọ̀ tí ẹ máa lẹ mọ́ imú. Servo méjèèjì yẹn, pẹ̀lú wáyà tí ẹ fà gùn dé ọ̀dọ̀ wọn, á tó gíráàmù 24. Ẹ tú wọn, kí ẹ gbé wọn wá sínú ara bàálù lábẹ́ apá, kí ẹ wá fi irin gígùn fà wọ́n dé ìrù. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ dára fún un, àmọ́ ẹ wá igi sùúyà bíi méjì kí ẹ so ó mọ́ ọn láàárín kó má baà tẹ̀. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 45 wá síwájú, ẹ ti rí 1,080 nínú 3,120 yẹn.

Gọ́ọ̀mù gbígbóná ló kàn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: ìrù ṣẹ́, ọmọ kan ní "ẹ jẹ́ ká fi sí i," a fi sí i, ó tún ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, a tún fi sí i. Ẹ mú bíléèdì, kí ẹ rọra gé gbogbo òkìtì yẹn dànù. Ẹ fi igi sùúyà kan gba ojú ṣíṣẹ́ náà kọjá, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí gíráàmù 15 yọ, 750 míì nìyẹn. (Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú super glue tàbí gọ́ọ̀mù ṣúmékà súnmọ́ fóòmù yẹn o. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú omi. Ọ̀dà afẹ́fẹ́ inú agolo náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀ níbi etí tí bébà kò bò.)

Ó ku 1,290. Bátìrì yín á tó gíráàmù 180. Ẹ sún un síwájú sẹ̀ǹtímítà 7 àti díẹ̀, ó parí. Bí àyè kò bá sí nínú imú, ẹ gé e gùn sí i. Fóòmù kò wọ́n. Ẹ rí i pé ẹ ò ra nǹkan kan, bàálù sì fi bíi gíráàmù 15 fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kí bátìrì wà nínú rẹ̀, kí fáànù wà lójú rẹ̀, kí gbogbo nǹkan tó máa bá a fò wà lára rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 6 láti etí iwájú lábẹ́ apá ọ̀tún àti ti òsì, ẹ fi báírò fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé e níbi ìlà náà. Imú gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà. Bí ìrù bá ń wá ilẹ̀, ẹ ò tíì ṣe tán.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ yẹ ohun kan wò tó ti pa bàálù púpọ̀: ẹ fa ọ̀pá elevator (èyí tó ń gbé imú sókè tàbí sísàlẹ̀) sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ wo ìrù. Ó gbọ́dọ̀ gbé sókè. Bó bá lọ sísàlẹ̀, ẹ yí i padà nínú rìmóòtù. Ẹ ti rudder náà (èyí tó ń yí imú sí ọ̀tún tàbí òsì) sí ọ̀tún, kó lọ sí ọ̀tún.

Ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá ibi tí koríko ti ga dé orúnkún, kí ẹ dojú kọ atẹ́gùn, kí ẹ ju bàálù náà lọ tààrà bí ẹni ju ọ̀kọ̀, imú kó wo ọ̀kánkán, kó má wo òkè. Bó bá rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ jìnnà, ayọ̀ dé. Bó bá tún gbé imú tó sì já, ẹ sún bátìrì síwájú díẹ̀ sí i. Bó bá rì sílẹ̀ kíákíá bí òkúta, ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Mo máa ń jù ú tó ìgbà mẹ́wàá báyìí kí n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ á sì máa kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tan iná sí i, kí ẹnì kan jù ú, kí ẹlòmíì di rìmóòtù mú. Kí ẹni tó ń jù ú má fi ìka súnmọ́ fáànù, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú. Bí ẹ bá ríi pé ó ṣì ń fà sí òsì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo, ẹ fi wásà kékeré kan sábẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òsì, kí ojú rẹ̀ lè yà sí ọ̀tún bíi díg­írì 2 tàbí 3. Ẹ di apá mọ́ ara pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa: nígbà tó bá já, apá á fò kúrò, kò ní ya.

Bátìrì náà, ẹ máa ka ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan má lọ sísàlẹ̀ volt 3.5 lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi, kí ẹ sì fi í pamọ́ ní bíi 3.8. Èyí tó bá wú bí àkàrà, ẹ má gba iná sí i mọ́. Ẹ má sì gba iná sí èyíkéyìí nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa ti fò ó: ìlú yín ní pápákọ̀ òfuurufú, bárékè Sobi náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jìnnà sí méjèèjì. Lọ́dún 2016, NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò ohun tí a ń fi rìmóòtù darí láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Fóòmù ni tiyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sójà tó rí i láti òkèèrè kò ní mọ̀ pé fóòmù ni. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà, kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó jáde.

Ohun kan ló kù. Bí ẹ bá ti rí ibi tí bátìrì máa jókòó sí, ẹ fi báírò fa ìlà yí i ká nínú imú, kí ẹ kọ "BÁTÌRÌ DÉ IBÍ" sí i gàdàgbà. Ọmọ tó máa tì í bọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè máà jẹ́ èyí tó bá yín ṣírò rẹ̀.